Àwòṣe Ọkọ̀ Òfuurufú Oníke

Ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí a ń fọwọ́ ara ẹni tò pọ̀. Ilé-iṣẹ́ Airfix, tí Nicholas Kove dá sílẹ̀ ní London ní 1939, gbé àwòṣe ọkọ̀ òfuurufú ogun Spitfire rẹ̀ jáde ní 1953 ní ìwọ̀n 1/72: mítà 1 lára ọkọ̀ gidi di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1.4. Ọ̀bẹ mímú la fi ń gé ẹ̀yà kúrò lára férémù ike tí wọ́n so mọ́. Ẹni tó bá fọwọ́ já a yóò dápàá sí i. Gọ́ọ̀mù àwòṣe yìí kì í ṣe àlẹ̀mọ́ lásán: ṣe ló ń yọ́ ojú ike méjèèjì títí wọn yóò fi di ọ̀kan, nítorí náà díẹ̀ ló tó. Ìjókòó awakọ̀ (ibẹ̀ ni ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́) la ń kùn lọ́dà kí a tó lẹ ìhà méjèèjì ọkọ̀ pọ̀, torí ọwọ́ kò ní débẹ̀ mọ́.