Ìṣirò ní Ilé-ẹ̀kọ́ Girama: Ohun Tó Ń Gbé Akẹ́kọ̀ọ́ Ga àti Ohun Tó Ń Fà Á Sẹ́yìn

Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka yunifásítì kì í gba ọmọ Ìpájà, ní Èkó, tí kò ní kírẹ́díìtì ìṣirò nínú ìdánwò WAEC tàbí NECO. Ọgbọ́n orí nìkan kọ́ ló sì ń fúnni ní kírẹ́díìtì náà.

Èrò pọ̀ ní Ìpájà. Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìpájà wà, ló pọ̀ léèyàn jù lọ ní Èkó nínú ìkànìyàn 2006. Bí kíláàsì bá ti kún jù, olùkọ́ kì í ráyè yẹ iṣẹ́ àṣetiléwá wò, àṣìṣe kékeré nínú ìdá a sì bá ọmọ dé áljẹ́bírà.

Èdè tún ń kó ipa tirẹ̀. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ìṣirò pẹ̀lú, fún ọdún 6. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún 3 lọ. Ẹ̀rí tó lágbára nìyẹn, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni WAEC ṣì fi ń béèrè.

Owó náà ń kó ipa. Òbí tó rí já jẹ a gba olùkọ́ àfikún fún ọmọ rẹ̀. Àmọ́ ọmọ tó ń kiri ọjà títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ìgbà wo ni yóò kàwé?

Àwọn kan ṣì ń sọ pé ìṣirò kì í ṣe tọmọbìnrin. Bẹ́ẹ̀, láti 1963 ni Grace Alele-Williams, tó padà di ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀kọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, ti gboyè dókítà ní Chicago.