Ìka Kò Dọ́gba: Bí Ìlú Winnetka Ṣe Ṣètò Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Kọ̀ọ̀kan

Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé ìka kò dọ́gba. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ kíláàsì wa, olùkọ́ kan ń kọ́ ogójì ọmọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ohun kan náà, ní wákàtí kan náà. Ẹ̀kọ́ ń sú ọmọ tí orí rẹ̀ yá, èyí tí kì í tètè gbọ́ ń rẹ̀yìn, nígbà tí ọdún bá sì parí, a ó ní kí ó tún kíláàsì kà. Ọ̀ràn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kò sì mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa gbọ́ ìtàn ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà.

Winnetka ni orúkọ rẹ̀, ó wà létí adágún Michigan, ní àríwá Chicago. Ní 1919, ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ìlú náà fi Carleton Washburne ṣe alábòójútó gbogbo ilé ẹ̀kọ́ wọn. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Abẹ́ Frederic Burk, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní San Francisco, ni ó ti ṣiṣẹ́ ṣáájú, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé tí ọmọ lè fi kọ́ ara rẹ̀.

Ohun tí ó wù mí jù ni pé Washburne kò fi ilé kíkọ́ bẹ̀rẹ̀. Òun àti àwọn olùkọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe ìwádìí. Ọ̀rọ̀ wo ni ọmọ máa ń kọ ní gidi, tí ó fi yẹ kí ó mọ sípẹ́lì rẹ̀? Ìgbà wo ni ìṣirò onípínpín tó lè yé e? Ní 1926, wọ́n tẹ àkójọ ìwé kíkà jáde, lẹ́yìn tí wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ju 36,000 lọ irú ìwé tí wọ́n gbádùn.

Wọ́n wá gé ẹ̀kọ́ sí wẹ́wẹ́. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní káàdì tirẹ̀. Yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀, yóò fi ìdáhùn tí a tẹ̀ sí ìwé yẹ ara rẹ̀ wò, ìgbà tí ó bá dá a lójú ni yóò lọ bá olùkọ́ fún ìdánwò. Bí ó bá kùnà níbì kan, ibẹ̀ nìkan ni yóò padà sí. Ọmọ kan lè máa ka ìwé kíláàsì kẹfà kí ó sì máa ṣe ìṣirò kíláàsì kẹrin, àárín ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ni yóò jókòó sí. Ẹ̀yin tí ẹ lọ ilé kéú mọ èyí dáadáa: wàláà tirẹ̀ ni kálukú ń kà, ẹni tí ó bá mọ tirẹ̀ ni alùfáà ń kọ òmíràn fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gá télọ̀ kì í fún ọmọṣẹ́ tí kò tíì mọ bọ́tìnì í gbé ní aṣọ gé.

Ṣùgbọ́n ìdajì àárọ̀ àti ìdajì ọ̀sán ni ti dídá ṣiṣẹ́. Orin, eré ìtàgé, iṣẹ́ ọwọ́ àti ìpàdé àwọn ọmọ ló ni ìyókù, kí ọmọ má baà di anìkànjẹ.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló gbà fún un. Ní 1925, ọ̀jọ̀gbọ́n William Kilpatrick ta ko irú ètò yìí, nítorí pé ó ń já ìmọ̀ sí wẹ́wẹ́. Òótọ́ tún ni pé ìlú olówó ni Winnetka. Ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní January 1955, iye ọmọ fò láti nǹkan bí 457,000 sí 811,000 láàárín ọdún kan. Àwọn tó ṣètò rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ wá àga. N kò dá wọn lẹ́bi. Èyí tí n kò lè gbà ni pé láti 1977 ni ìlànà ẹ̀kọ́ wa ti fẹ́ kí a máa díwọ̀n ọmọ látìgbàdégbà, síbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, máàkì ń wọ inú fáìlì, iṣẹ́ tí ọmọ yóò ṣe lọ́la kò yí padà.

Ní 1940, Winnetka ṣí ilé ẹ̀kọ́ Crow Island. Kí àwọn ayàwòrán ilé tó fa ìlà kan, wọ́n ti lọ jókòó ní kíláàsì, wọ́n sì béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ àti ẹni tí ń gbálẹ̀. Kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní yàrá iṣẹ́ àti àgbàlá tirẹ̀. Washburne kúrò níbẹ̀ ní 1943, ó lọ bá wọn tún ilé ẹ̀kọ́ ṣí ní Ítálì lákòókò ogun.