Oṣó Ìkẹyìn: Ọ́pẹ́rà Pauline Viardot Padà Débi Tí Etí Lè Gbọ́ Ọ

Ní ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ Bridge Records ní Amẹ́ríkà gbé àwo Le dernier sorcier (Oṣó Ìkẹyìn) jáde, ọ́pẹ́rà apanilẹ́rìn-ín tí Pauline Viardot ṣe orin rẹ̀. Eré náà ti pé 152 ọdún kí ó tó dé inú àwo.

Ìlú Paris ni wọ́n bí Viardot sí ní 1821. Manuel García, akọrin ọmọ Sípéènì, ni bàbá rẹ̀. Maria Malibran, tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò Yúróòpù, sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Liszt ló ti kọ́ dùùrù, ṣùgbọ́n ohùn ló sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ohùn yìí ni Meyerbeer ní lọ́kàn nígbà tó kọ ipa Fidès nínú ọ́pẹ́rà rẹ̀, Le prophète, tí wọ́n ṣe ní 1849. Lójú tèmi, òkìkí akọrin yìí gan-an ló bo orin tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ mọ́lẹ̀.

Ní 1863, ó fi orí ìtàgé Paris sílẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ kó lọ sí Baden-Baden ní Jámánì, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin lórin. Turgenev, gbajúgbajà òǹkọ̀wé ọmọ Rọ́ṣíà, tẹ̀ lé wọn débẹ̀. Òun ló fi èdè Faransé kọ ọ̀rọ̀ Le dernier sorcier, Viardot sì ṣe orin sí i fún àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Oṣù Kẹsàn-án 1867 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é, pẹ̀lú dùùrù nìkan.

Krakamiche ni oṣó náà. Ó ti fìgbà kan gba igbó lọ́wọ́ àwọn iwin, àmọ́ agbára rẹ̀ ti tán. Ahéré tó ń jò ló ń gbé. Perlimpinpin, ìránṣẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ òmìrán nígbà kan, ti sún kì. Àwọn iwin ń fi bàbá náà ṣẹlẹ́yà tọ̀sán-tòru. Níkẹyìn, ó ṣí ìwé oògùn àtijọ́ kó lè pe ẹranko abàmì jáde. Ewúrẹ́ ló yọ sí i. Ní òpin eré, ọmọ ọba Lelio fẹ́ Stella, ọmọ oṣó náà, igbó sì padà sọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Ní 1869, Eduard Lassen tún orin náà kọ fún ẹgbẹ́ onílù àti onífèrè púpọ̀, wọ́n sì ṣe é ní Weimar. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Faransé àti Prọ́ṣíà. Ìdílé Viardot kó kúrò ní Jámánì, àwùjọ kékeré tó bí eré náà sì tú ká. Orin tí a kọ fún yàrá ìgbàlejò kò ní ilé ìṣeré tí yóò máa gbé e kiri. Ìwé tí a fọwọ́ kọ ló kù, èyí tó wà ní ilé ìkàwé Houghton ní Yunifásítì Harvard.

Dùùrù ni àwo tuntun náà lò, ó sì bá a mu, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é ní Baden-Baden. Eric Owens, tí ohùn rẹ̀ wúwo, ló ṣe Krakamiche. Ó jẹ́ kí àánú oṣó náà ṣeni bí a ti ń rẹ́rìn-ín. Ohun kan ló dùn mí: alásọyé tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ròyìn ló gba ipò ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣèré yẹ kó máa bá ara wọn sọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀fẹ̀ Turgenev pọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ bí ohùn àwọn iwin ṣe ń lọ́ mọ́ra wọn yóò mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tó mọ ohùn ènìyàn dénú ló kọ ọ́. Àwọn eré Trop de femmes àti L'ogre, tí Viardot àti Turgenev tún jọ ṣe lákòókò yẹn, yẹ fún irú ìtọ́jú kan náà.