Kíbọ́ọ̀dù Nílẹ̀ Ìjẹ̀bú: Ta Ló Ni Ohùn Inú Rẹ̀?

Ní ọdún 1979, Haruna Ìṣọ̀lá, àgbà ọ̀jẹ̀ olórin àpàlà, ṣí ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlú tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Phonodisk ni ó pe orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ onípa 24 ni ó gbé síbẹ̀, ìyẹn ni pé a lè gba ohùn mẹ́rìnlélógún sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí a tó wá pò wọ́n pọ̀ di orin kan. Ohun ńlá ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ní Nàìjíríà ìgbà náà, pàápàá ní ìlú tí kì í ṣe Èkó. Ohun tó sì jẹ́ ìyanu jù ni pé ẹni tó kọ́ ilé yìí kì í fi gìtá kọrin, kì í sì í fi dùùrù òyìnbó kọ ọ́. Àgídìgbo, gángan, àkúbà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo ni ohun èlò tirẹ̀, àwọn ni ó sì bá a títí dé ọdún 1983 tí ó papò dà.

Ìdí tí mo fi mú ìtàn yìí ṣáájú ni pé ẹnu kò tíì kò lórí ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù nínú orin Yorùbá. Àwọn kan ní òun ni ó pa ìlù. Àwọn mìíràn ní olórin tí kò bá ní èyí tó dé kẹ́yìn, ará àtijọ́ ni. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ti ṣi ọ̀nà. Ohun tó yẹ kí a bèèrè ni pé, ta ni ó dá ohùn tó ń jáde nínú ẹ̀rọ náà? Ṣé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni, tàbí ẹni tó rà á? Nínú ẹgbẹ́ Haruna Ìṣọ̀lá gan-an, ohun èlò kan wà tó ti dáhùn ìbéèrè yìí kí iná mànàmáná tó wọ ọ̀rọ̀ náà.

Àgídìgbo ni mo ń wí. Àpótí onígi ni, tí a kan irin pẹlẹbẹ mélòó kan mọ́ lójú, tí a ń fi ìka ta. Ẹni tó ń ta á kì í gbà á bí ó ṣe bá a. Yóò fa irin kan síta díẹ̀, yóò ti òmíràn wọlé, títí ohùn wọn yóò fi bá ọ̀fun akọrin mu. Bí irin bá gùn, ohùn rẹ̀ a wálẹ̀. Bí ó bá kúrú, ohùn rẹ̀ a lọ sókè. Àgídìgbo méjì kì í dún bákan náà àfi bí ẹnì kan bá jókòó tì wọ́n. Nítorí náà, kí onílù tó ta ohun kan rárá, ó ti ṣe iṣẹ́ ọwọ́ kan ná: ó ti ṣe ohùn.

Ẹ̀rọ tí àwọn òyìnbó ń pè ní synthesizer, ọmọ ìyá àgídìgbo ni ní ọ̀nà yìí. Lọ́rọ̀ ẹnu, kíbọ́ọ̀dù tàbí píánò ni a ń pe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà. Kíbọ́ọ̀dù lásán ń gbé ohùn àṣetán fúnni. Synthesizer ní tirẹ̀ ń fún ẹni tó ni ín ní ohun tí yóò fi ṣe ohùn: iná tó ń gbọ̀n, asẹ́ tó ń yọ èyí tó mú jù kúrò, àti àwọn bọ́tìnnì tó ń pinnu bí ohùn yóò ṣe bẹ̀rẹ̀, bí yóò ṣe pẹ́ tó, àti bí yóò ṣe kú. Minimoog tí Robert Moog àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 1970 kò lè mú ju ohùn kan lọ jáde lẹ́ẹ̀kan, kò sì ní iyè. Ohùn dídùn tí o ṣe lónìí, bí o kò bá kọ bí o ṣe yí bọ́tìnnì rẹ̀ sílẹ̀, o di ẹni tí yóò máa wá a kiri lọ́la. Prophet-5 tó jáde ní 1978 ni ó kọ́kọ́ ní iyè tó ṣe é gbára lé. Nígbà tó di 1983, Yamaha gbé DX7 wá, tí wọ́n fi ọgbọ́n tí John Chowning ṣàwárí ní Yunifásítì Stanford ṣe. Ohùn 32 ló ń bá a dé láti ilé-iṣẹ́. Ó dùn, ó mọ́lẹ̀, owó rẹ̀ sì wálẹ̀ ju ti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ṣíṣe ohùn tuntun nínú rẹ̀ le bí ojú ẹja. Bọ́tìnnì pẹlẹbẹ àti fèrèsé tíńtín kan ni a fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olórin káàkiri ayé ti jọ̀wọ́ iṣẹ́ náà fún ilé-iṣẹ́. Nígbà tí Korg M1 dé ní 1988, tí ohùn fèrè, ìlù àti dùùrù tí a ti gbà sílẹ̀ kún inú rẹ̀, àwọn tó ṣì ń ṣe ohùn fúnra wọn ò pọ̀ mọ́.

Ní àsìkò kan náà tí Phonodisk ń bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan wà ní Enugu tó gba ọ̀nà òdìkejì. William Onyeabor ni orúkọ rẹ̀. Láàárín 1977 sí 1985, ó gbé àwo mẹ́jọ jáde ní ilé-iṣẹ́ tirẹ̀, Wilfilms. Synthesizer kún ilé ìgbohùnsílẹ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ẹ fetí sí Atomic Bomb tó ṣe ní 1978, ẹ ó gbọ́ bí ó ṣe ń mú ohùn ẹyọ kan, tí yóò jẹ́ kí ó máa yí lórí ara rẹ̀, tí yóò máa ṣí asẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láìkánjú. Ó ti fi orin ayé sílẹ̀ tipẹ́ kí ilé-iṣẹ́ Luaka Bop ti Amẹ́ríkà tó kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ ní 2013 tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Ó sì kú ní 2017. Ọ̀kan ní gbogbo ẹ̀rọ, kò sì ní ẹgbẹ́ onílù ńlá. Èkejì ní ẹgbẹ́ onílù, ó sì kọ́ ilé tí ẹ̀rọ wà fún wọn. Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n pàdé ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni, èmi ì bá san owó láti gbọ́ ohun tí ì bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò mọ dùùrù tẹ́lẹ̀ o. Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọn ti 1892 tí ìjọ fi rí ààyè wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, dùùrù bá orin ìyìn wọlé, ó sì bá ìjà kan wọlé: ohùn orin òyìnbó ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wa padà. Ekundayo Phillips, atẹdùùrù Kàtídírà Màrínà ní Èkó, kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá ní 1953 tó kan ọ̀rọ̀ yìí. I.K. Dairo fi àkọ́díọ̀nù sínú jùjú. Sunny Adé gbé synthesizer àti ẹ̀rọ onílù sínú Synchro System ní 1983 àti Aura ní 1984, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Martin Meissonnier, ọmọ ilẹ̀ Faransé. Ṣínà Peters gbé Ace jáde ní 1989, Láolú Akins, tó ti jẹ́ onílù ẹgbẹ́ BLO, ni ó darí iṣẹ́ náà. Nínú fújì, Wasiu Àyìndé, ọmọ Ìjẹ̀bú, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́ka sí pé ó mú kíbọ́ọ̀dù, gìtá àti sakisafóònù wọlé. Adéwálé Àyúbà láti Ìkẹ́nnẹ́ náà sì tẹ̀lé e ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990.

Èyí tó dára jù nínú àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ni èyí tí kíbọ́ọ̀dù ti ń dá ìlù lóhùn. Ibẹ̀ sì ni ìṣòro gidi wà. Ẹ mú ìlù àti ìlú. Bí mo bá tẹ dò lẹ́ẹ̀mejì, mo ti pe ìlù. Bí mo bá tẹ dò kí n tó tẹ mí, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pe ìlú, ṣùgbọ́n n kò tíì pè é tán, nítorí ahọ́n Yorùbá kì í fò láti ìsàlẹ̀ bọ́ sókè bí ẹni fo kòtò. Ó ń gun òkè ni. Ayangan mọ èyí: yóò fún ọsán ìlù mọ́ra lẹ́yìn tí ó ti lù ú, ohùn á sì gùn. Eyín funfun àti dúdú ti kíbọ́ọ̀dù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra wọn.

Kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lápá òsì ni ó lè ṣe é, èyí tí ọ̀pọ̀ akíbọ́ọ̀dù wa ń fi ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán. Bí ó ṣe ń ti ilé-iṣẹ́ dé, ó sábà máa ń gbé ohùn láti dò dé rè péré. Ìyẹn kò tó fún gángan. Nínú DX7 àti ọ̀pọ̀ tó tẹ̀lé e, ẹni tó ni ín lè fẹ̀ ẹ́ títí tí yóò fi ti dò dé dò ti òkè. Kí ó tún pa á láṣẹ pé ohùn kan ṣoṣo ni kí ó máa mú jáde lẹ́ẹ̀kan, kí ọ̀kan sì máa yọ́ wọ inú èkejì. Kí ó gé ìbẹ̀rẹ̀ ohùn náà kúrú kí ó lè ta bí ọ̀pá ìlù, kí ó má sì jẹ́ kí ìparí rẹ̀ pẹ́. Iṣẹ́ alẹ́ kan ni. Lẹ́yìn èyí, ọwọ́ òsì di ọwọ́ tó ń fún ọsán, ọwọ́ ọ̀tún di ọ̀pá ìlù. Kì í ṣe gángan, kò sì gbọ́dọ̀ díbọ́n bí i, ṣùgbọ́n ó ń sọ Yorùbá.

Ohùn tí a bá fi alẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe, ó yẹ kí a mọ bí a ṣe ń pa á mọ́. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà tàbí Japan wá lè jẹ́ oníná 110 tàbí 100. Ẹ fi í sí iná 220 tiwa láìsí ẹ̀rọ tó ń dín iná kù, èéfín ni yóò fi dáhùn. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ nílò stẹ́bíláísà tó dára, ẹ má sì tan ẹ̀rọ títí jẹnẹrétọ̀ yóò fi dúró sójú kan. Nínú DX7 àti àwọn ojúgbà rẹ̀, bátìrì pẹlẹbẹ kan ni ó ń tọ́jú iyè ẹ̀rọ nígbà tí a bá pa á; ọjọ́ tí ó bá kú, iṣẹ́ ọdún púpọ̀ lè bá a lọ. Okùn MIDI, tí àwọn ilé-iṣẹ́ fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní 1983, ni a fi ń kó ohùn wọ̀nyí sínú kọ̀ǹpútà. Ó yà mí lẹ́nu pé ènìyàn lè ra aṣọ ìbora olówó ńlá fún kíbọ́ọ̀dù kí ó má ra bátìrì.

Ní ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta Iléyá, òde kò ní kà tán ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni tó ń náwó lè gba ẹgbẹ́ onílù, ó sì lè gba akíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo tí ìlù àṣetán wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀. Èkejì kò wọ́n tó ti àkọ́kọ́, n kò sì dá ẹni tó ń ṣírò owó lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ìlù àṣetán yẹn kò mọ orúkọ ẹni tó ń wọlé, kò lè ki Balógun orí ẹṣin, kò sì lè kí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan kí èkejì má jowú. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lè ṣe díẹ̀ níbẹ̀, bí kẹ̀kẹ́ apá òsì rẹ̀ bá ti kọ́ èdè. Bí ó bá wá fi ayangan kan ṣoṣo sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nǹkan mìíràn ni yóò dà.

Kí àwọn méjèèjì tó lè bára gbé, ọ̀ràn kan ṣì kù. Ohùn àgídìgbo àti ti gángan kì í sábà bọ́ sí orí eyín kíbọ́ọ̀dù gẹ́lẹ́, nítorí ọ̀fun akọrin ni a fi wọ́n wọn. Gbogbo synthesizer tó dára ní ibi tí a ti lè sún gbogbo ohùn rẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀. Àwọn kan, pàápàá àwọn kíbọ́ọ̀dù tí Yamaha ṣe fún orin àwọn Lárúbáwá, tún jẹ́ kí a sún eyín kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹ gbé àwo Haruna Ìṣọ̀lá kan sí i, kí ẹ wá ibi tí àgídìgbo wà, kí ẹ sì máa sún mí wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fa irin síta lójú àpótí, títí tí méjèèjì yóò fi dún bí ọ̀kan.