Ìléròrò Ẹlẹ́jẹ̀: Ọ̀rọ̀ Ìtọ́jú Awọ Ara

Bí òòlù bá ba kafíńtà níka, tàbí tí ìka èrò há sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, awọ lè má ya rárá. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tíntìntín tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló já. Ẹ̀jẹ̀ á gbára jọ síbẹ̀, ojú ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á sì máa dúdú lọ. Kí la ó pè é nínú ìwé ìlera? Ẹni tó bá kọ ọ́ ní "oówo ẹ̀jẹ̀" ti ṣini lọ́nà, torí ọyún ló ń wà nínú oówo. Ìléròrò ẹlẹ́jẹ̀ ni mo fara mọ́. Bàtà tuntun ń mú kí ẹsẹ̀ léròrò, omi gbígbóná ń mú kí ọwọ́ léròrò. Olómi nìyẹn, ẹlẹ́jẹ̀ nìyí.

Ọgbẹ́ àti egbò náà kì í ṣe ọ̀kan. Bí ọ̀bẹ bá gé ọmọ lọ́wọ́, ọgbẹ́ ni. Èyí tó pẹ́ tí kò jinná, tó ń kẹ̀, ni egbò. Ti orúnkún tó ha mọ́lẹ̀ ńkọ́? "Orúnkún ọmọ bó" ti tó. Bí a bá fi tipátipá sọ ọ́ di "ìbóra", ẹni tó ń ka ìwé tí kò lámì ohùn á rò pé aṣọ ìbora ni.

Ibi tó gba àròjinlẹ̀ ni ìkìlọ̀ inú ìwé ìlera pé kí èèyàn má bẹ́ ìléròrò. Lẹ́nu wa, ìléròrò lè bẹ́ fúnra rẹ̀. Ohun tí ọwọ́ ènìyàn ń ṣe sí i ló yẹ kí a dárúkọ: ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má bó awọ rẹ̀. Awọ òkè yẹn ló ń dí kòkòrò àrùn lọ́nà. Ẹ fi yìnyín tí ẹ fi aṣọ wé lé e fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì bò ó. Ara á fa ẹ̀jẹ̀ náà padà, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bó bá bẹ́, omi àti ọṣẹ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ń bà mí lẹ́rù: "oògùn apakòkòrò". Ohun tí àgbẹ̀ oníkòkó ń fín sóko ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ ọ́ fún ojú ọgbẹ́. Oògùn ìfọgbẹ́ ni kí ẹ kọ.

Ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ fún àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè fi ṣiṣẹ́. Gírámà nílò ọ̀pọ̀ orúkọ tuntun. Awọ ara kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ ìwé ìlera, ẹ kà á sókè sétígbọ̀ọ́ ìyá ọlọ́mọ kan kí ẹ tó gbé e lọ sílé ìtẹ̀wé. Ohun tí kò bá yé e, ẹ tún un kọ.