Láti Ilé Ìwòsàn Dé Ìdí Tíísì

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń bójú tó tíísì wọn rò pé àwọn onítíísì bíi tiwọn ló dá àṣà fífarabalẹ̀ kíyè sí èémí sílẹ̀, nítorí ifásitì ni wọ́n ti bá a pàdé. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ara ríro ló gbé e wọ ifásitì.

Ní 1979, nílùú Worcester ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, Jon Kabat-Zinn bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé ìwòsàn ifásitì. Àwọn tí ìrora ò fi sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìtọ́jú ni àwọn dókítà ń darí sí i. Á ní kí wọ́n dùbúlẹ̀, kí wọ́n máa fi ọkàn bá ara wọn lọ láti ọmọ-ìka ẹsẹ̀ dé àtàrí. Á fún wọn ní hóró èso àjàrà gbígbẹ kan ṣoṣo, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n gbóòórùn rẹ̀, kí wọ́n tó rọra jẹ ẹ́. Nílé, ìṣẹ́jú 45 lójúmọ́, ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀. (Èmi ò tíì rí olùkọ́ tó láyè yẹn.) Ní 1982, ó tẹ àbájáde jáde lórí aláìsàn 51.

Kabat-Zinn fúnra rẹ̀ mọ ìyà tíísì: ifásitì MIT ló ti gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ bàọ́lọ́jì ní 1971, lábẹ́ Salvador Luria tó gba ẹ̀bùn Nobel. Ibẹ̀ náà ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ Philip Kapleau, olùkọ́ Zen, ẹ̀ka kan nínú ẹ̀sìn Búdà. Ẹ̀kọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ló mú, tó bọ́ ẹ̀wù ẹ̀sìn lọ́rùn rẹ̀ kí ilé ìwòsàn lè gbà á. Àwọn kan ṣì ń bá a wíjọ́ lórí ìyẹn. Èmi ò rí ẹ̀bi níbẹ̀.

Robert Boice, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Stony Brook, New York, ló gbé irú ìfarabalẹ̀ yìí dé ìdí tábìlì ìkọ̀wé nínú ìwé tó kọ fáwọn olùkọ́ tuntun ní 2000. Ó ti wo àwọn olùkọ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ̀wé. Ó rí i pé àwọn tó ń dúró de àyè gbọọrọ, tí wọ́n wá ń fi ìwàǹwára kọ ọ́, ni ìrẹ̀wẹ̀sì ń bá jù, àti pé àwọn tó ń kọ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń kọ jù wọ́n lọ. Ó ní kéèyàn dúró jẹ́ẹ́ kó tó kọ, kó má jókòó pẹ́, kó sì dáwọ́ dúró nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì ń wá.

Ti ìkẹyìn yìí ló ń bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nínú. Ọ̀kan bi mí pé, "Ṣé kí n dìde nídìí oúnjẹ nígbà tébi ṣì ń pa mí ni, sà?" Mo ní kó fi tọ̀la sílẹ̀.

Wọ́n ti dán ìfarabalẹ̀ yìí wò lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú: ní ifásitì Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n pín akẹ́kọ̀ọ́ 616 sí ọ̀nà méjì, apá kan gba ẹ̀kọ́ rẹ̀, apá kejì ò gbà á. Àbájáde tó jáde nínú The Lancet Public Health fi hàn pé nígbà ìdánwò, másùnmáwo àwọn tó gba ẹ̀kọ́ náà kéré sí tàwọn tí kò gbà á. Ìdánwò ni o! Ìdánwò ń kọjá lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, tíísì a máa báni gbé fún ọdún gbọọrọ. Bí alábòójútó bá sì gbé orí kejì akẹ́kọ̀ọ́ sábẹ́ fáìlì fún oṣù mẹ́fà, kò sí èémí tí akẹ́kọ̀ọ́ náà lè mí tí yóò bá a kà á.