Ọjọ́ Jímọ̀ àti Ọjà: Ta Lẹ Fi Ṣọ́ Ṣọ́ọ̀bù?

Èmi ádímìn yín náà ni. Ohùn tí mo fi ránṣẹ́ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ nìyí, wọ́n bá mi kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Ohun tó fà á ni pé ọ̀kan nínú wa béèrè pé, "Ádímìn, ọjọ́ Jímọ̀ lọjà ń tà jù fún mi. Tí n bá tilẹ̀kùn, ta ló máa bá mi san owó ṣọ́ọ̀bù?" Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú u mọ́. Ìbéèrè yẹn ti pẹ́ láyé, àwọn sàábé Ànábì pàápàá bá a pàdé. Èmi kì í ṣe ààfáà o, aṣọ ni mò ń tà ní Jos níbí, ṣùgbọ́n mo ti jókòó ti àwọn ààfáà dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Mẹ̀dínà. Kí Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, tó ṣí kúrò ní Mẹ́kà ní 622, àwọn Mùsùlùmí Mẹ̀dínà ti ń kírun Jímọ̀. As'ad ọmọ Zurarah ló kó wọn jọ, ogójì ọkùnrin ni wọ́n. Ka'b ọmọ Malik wà níbẹ̀. Nígbà tí Ka'b darúgbó, tí ojú rẹ̀ fọ́, ìgbàkígbà tó bá gbọ́ ìpè Jímọ̀ ló ń ṣàdúà fún As'ad. Ọmọ rẹ̀ tó ń fà á lọ́wọ́ bi í pé kí ló dé. Ó ní, ẹni tó kọ́kọ́ kó wa jọ nìyẹn. Nígbà tí Ànábì fúnra rẹ̀ dé, tó kúrò ní Quba, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Salim ni ìrun Jímọ̀ ti bá a lójú ọ̀nà, ibẹ̀ ló sì ti kí i.

Ó wá di ọjọ́ kan ní Mẹ̀dínà, oúnjẹ wọ́n lọ́jà. Ànábì ń ṣe kútúbà lọ́wọ́, ni àwọn oníṣòwò bá ti Ṣáámù dé pẹ̀lú ràkúnmí tó ru oúnjẹ. Bí àwọn ènìyàn ṣe gbọ́, wọ́n dìde, wọ́n sáré lọ síbẹ̀. Àwọn tó kù nídìí Ànábì ò ju méjìlá lọ! Ẹ bá mi fojú inú wò ó, bí ìgbà tí tírélà já ẹrù tó ti wọ́n láti oṣù mẹ́ta ni. Ìparí súrà Jímọ̀, tí àáyà rẹ̀ jẹ́ mọ́kànlá, sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Nínú súrà yẹn ni Ọlọ́run ti ní tí wọ́n bá ti pe ìrun, ká fi kárà-kátà sílẹ̀.

Ìwẹ̀ Jímọ̀ ńkọ́? Ìyá wa Aisha ṣàlàyé pé àwọn ènìyàn máa ń ti ilé wọn àti àwọn abúlé òkè Mẹ̀dínà wá, eruku á bò wọ́n, òógùn á máa rùn. Ibn Abbas náà ní aṣọ onírun àgùntàn ni wọ́n ń wọ̀, ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń ru ẹrù, mọ́sálásí há, òrùlé rẹ̀ sì wálẹ̀. Oòrùn mú lọ́jọ́ kan, òórùn wọn wá ń da ara wọn láàmú. Ànábì ní kí wọ́n máa wẹ̀, kí wọ́n sì fi lọ́fínńdà tí wọ́n bá ní sára. Ẹ ò rí i? Nítorí alábàárù ni, nítorí èèyàn bíi tiwa, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lè gbádùn ìrun tirẹ̀.

Nígbà ayé Umar, ó ń ṣe kútúbà, ni sàábé kan bá wọlé lẹ́yìn. Wọ́n ní Uthman ni. Umar bi í pé aago wo nìyí? Ó ní ọjà lòun ti ń bọ̀, bí òun ṣe gbọ́ ìpè, àlùwàlá nìkan lòun rí ṣe. Umar ní, àlùwàlá nìkan náà tún ni? Nígbà tí Uthman fúnra rẹ̀ wá di olórí láti 644, tí èrò ti pọ̀ sí i, ó fi ìpè kan kún un, wọ́n sì ń pè é níbi tí wọ́n ń pè ní Zawra, nínú ọjà, kí ọlọ́jà lè tètè gbọ́. Ìpè àkọ́kọ́ tí à ń gbọ́ lónìí, àwa ọlọ́jà ni wọ́n ṣe é fún.

Ẹ sì rántí pé Ànábì ní ẹni tó bá tètè dé dà bí ẹni tó fi ràkúnmí ṣe sàráà, ẹni tó tẹ̀ lé e màlúù, lẹ́yìn náà àgbò oníwo, lẹ́yìn náà adìẹ, ẹni ìkẹyìn ẹyin. Tí ìmáàmù bá ti jáde, àwọn màláíkà pa ìwé dé.

Èsì mi fún arákùnrin wa rèé: Ọlọ́run ò ní ká ti ọjà látàárọ̀ dalẹ́. Súrà kan náà ló ní tí ìrun bá parí, ká túká, ká máa wá oore Ọlọ́run lọ. Wákàtí kan àbọ̀ ni. Ayé lọjà, ọ̀run nilé.

Ṣùgbọ́n ó ku ibì kan, ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀. Ọmọ kan kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi fún ọdún mẹ́ta. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni mo ń wẹ̀, tí mò ń wọ jálámíà funfun, máa wá ní, "Máa wo ṣọ́ọ̀bù o, mò ń bọ̀." Èmi rò pé mò ń dé ní kùtùkùtù, mò ń gba ràkúnmí. Ọ̀sẹ̀ tó gba fírídọ̀ọ̀mù, mo ní ká jọ lọ. Ó dojú bolẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ti Jímọ̀ dáadáa." Ọmọ ogún ọdún! Ànábì sì ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá fi àìbìkítà fi Jímọ̀ mẹ́ta sílẹ̀, Ọlọ́run á fi èdìdì di ọkàn rẹ̀. Ta ló fi í sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ọmọ náà ni àbí èmi? Mi ò rí ìdáhùn tó dáa fún ara mi.

Láti ìgbà yẹn, ìyá onílẹ̀kẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó jẹ́ onígbàgbọ́, ló ń bá mi wo ìta ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Jímọ̀. Tí oníbàárà tirẹ̀ bá wá gba ẹrù lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi ni mò ń dá a lóhùn. Kò tíì sí ìjà rí láàárín wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá, kí ẹ tó wọṣọ lọ́la, ẹ wo ẹ̀yìn yín. Ọmọkùnrin tó ti bàlágà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ mú un dání. Ẹni tí kò bá rí ẹni tó máa bá a wo ọjà, kó kọ nọ́ńbà láìnì rẹ̀ sí gúrúùpù kí aago mẹ́wàá tó lù, a máa bá a wá ẹni kan. Ọlọ́run á bá wa tajà o.